Orúkọ Tó Wà ní Igun Ìwé

Leeds, England
11 oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ẹ kú ọyẹ́ o. Mo mọ̀ pé ètè yín á ti bẹ́ báyìí, ẹ ó sì ti máa wá òrí kiri inú ilé. Ara mi le, àdúà yín ń gbà. Ẹ bá mi kí Àǹtí Lami tó ń tẹ lẹ́tà mi jáde láti orí ímeèlì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń gbé e wọlé fún yín, tó sì ń fi tiyín ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ní mo ní kó yéé ka ìwé oníwèé.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo bá wá. Ẹ rántí pé iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ni kí á máa ya àwòrán yunifásítì tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ayé ti yí padà: tẹ́lẹ̀, ọmọ ló ń rìnrìn àjò lọ bá ìwé, nísinsìnyí, ìwé ló ń rìnrìn àjò lọ bá ọmọ. A ti ya ọ̀kan fún Malaysia, a ti ya ọ̀kan fún Dubai. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ni mo jẹ́ nígbà náà. Fèrèsé àti àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbé fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá mi pè mí, ó ní Nàìjíríà ló kàn, èmi ni màá sì ṣáájú. Bàbá, ẹ mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí? Ojú ọ̀nà Malete! Mo kígbe débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì sáré wá wò mí.

Mo ti rí ilẹ̀ náà nínú àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè. Ilẹ̀ gbalasa ni, kò sí ilé, kò sí oko, àfi koríko àti igi òrí ńlá kan. Àárín gbùngbùn ibẹ̀ ni mo gbé ilé ìkàwé sí, kí gbogbo ọ̀nà lè já sí i. Bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, wọ́n á sọ mí di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá a.

Ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè méjì, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé káàkiri apá ibẹ̀ yẹn. Ìhà wo ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá? Níbo ni omi máa ń dúró sí lásìkò òjò?

Ọmọ yín,
Bàríkísù


Basin, Ìlọrin
2 oṣù Kejì, 2025

Bàríkísù ọmọ mi,

Wàálékúmù sàlámù. Mo rí ìwé rẹ gbà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lami ní kí n sọ fún ọ pé òun ti kà á ṣáájú mi, ó sì dùn mọ́ òun.

Iṣẹ́ rẹ wú mi lórí. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọdún kẹfà rèé tí o ti wálé kẹ́yìn. Nígbà tí ìyá rẹ kú, gbogbo pápákọ̀ òfuurufú ló wà ní títì pa, n kò bá ọ wí nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí wọn tipẹ́. Ìwọ tó ń kọ́lé fún ọmọ ọlọ́mọ káàkiri ayé, ìgbà wo lo fẹ́ wá wo ilé tìrẹ? Má pè mí lórí fóònù, n kì í gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Bátìrì ẹ̀rọ etí tí o fi ránṣẹ́ ti kú, fi òmíràn ránṣẹ́.

Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá, ó sì máa ń yà díẹ̀ sí gábàsì, níhà ìlà oòrùn. Má kọjú fèrèsé kíláàsì síbẹ̀, eruku á wọ àwọn ọmọ lójú. Omi a máa dúró ní ìsàlẹ̀, lápá odò.

Ọ̀rọ̀ kan wà. Àwọn àlejò kan lọ bá Bàbá Budó, Abdulmumini ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ní abúlé wọn ní Budó Ọ̀dàn, pé kó fún àwọn ní ìgbòrò ẹbí wọn, ilẹ̀ tí wọn kì í ro, láti fi kọ́ yunifásítì òyìnbó. Ó ní rárá. Wọ́n tún padà lọ, ó tún ní rárá. O mọ Abdulmumini, bó bá ti fa fìlà bo iwájú orí, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣé tìrẹ ni? Bó bá jẹ́ tìrẹ, wí fún mi gbangba, kí n mọ ẹsẹ̀ tí màá gbé. Ìgbòrò yẹn kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo bí o ṣe wí o.

Bàbá rẹ,
Mùsílíù Àríyọ̀


Leeds
20 oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Bátìrì ti kúrò níbí lánàá, páálí kékeré ni, ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Lami gbé e pamọ́.

Tèmi ni. Nínú ìwé ọ́fíìsì, "Ilẹ̀ Kejì, Ojú Ọ̀nà Malete" ni wọ́n pè é. N kò mọ̀ pé Budó Ọ̀dàn ni. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, màlúù ló lé mi wọ yàrá ìyá àgbà. N kò rántí ju ìyẹn lọ.

Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ Bàbá Budó. Bí wọn kò bá tẹ̀ka kí oṣù Kẹta tó parí, yunifásítì náà á gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ míì, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe tèmi nìkan. Bí ibẹ̀ bá dúró, ọmọ Malete àti ọmọ Ṣàárẹ́ á gba oyè òyìnbó láì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò ní sí pé ọmọ wà lókè òkun kí ìyá rẹ̀ máa kú lọ nílé. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán lára mi.

Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo yà á. Orúkọ mi wà ní igun ìwé náà, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún.

Bàríkísù


Basin
23 oṣù Kẹta, 2025

Bàríkísù,

A kú ààwẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ rẹ gbà, wọ́n ti tẹ̀ka lánàá.

Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi lọ, nítorí àárín èmi àti Abdulmumini kò gún láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú. A jókòó sórí ẹní níwájú mọ́ṣáláṣí wọn lẹ́yìn ìrun alásárì. Ayọ̀díjí tó ń ṣojú ilé iṣẹ́ yín níbí bọ́ bàtà, ó tẹ́ ìwé ńlá kan sílẹ̀. Kó tó la ẹnu, Bàbá Budó ní kó lọ sinmi lábẹ́ igi ná, pé ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣojú àlejò. O mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọmọkùnrin náà dìde, ó lọ.

Bàbá Budó wá kọjú sí mi. Ó ní, "Mùsílíù, ìwọ lo mọ̀wé nínú wa. Àwọn èèyàn wa ńkọ́?"

Mo wo ìwé náà. Mo rí orúkọ rẹ ní igun. Mo rí igi òrí, o fi òbìrí sàmì sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí ibi onígun mẹ́rin kan tí ilà dúdú nínípọn yí ká, gbogbo ọ̀nà já sí i. Àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí ojú mi kò gbé. Mo ní, "Àwọn rèé. Bàríkísù ti mọ ọgbà yí wọn ká."

Ó ní, "Ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ṣé ọmọ á gbàgbé ibi tí ìyá rẹ̀ sùn sí ni?"

Bàríkísù, ó sunkún. Abdulmumini tí n kò rí omi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú! Òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ka, àwọn tó kù tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé Zahrah, àbúrò ìyá rẹ, ló júwe ibẹ̀ fún ọ, nítorí èmi kò lè sọ ọ́. Ó ṣeun. Ìwọ náà ṣeun tí o rántí.

Bàbá rẹ


Leeds
30 oṣù Kẹta, 2025

Bàbá,

Ẹ kú ọdún. N kò lè kí yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárọ̀ yìí ni ìwé yín dé, n kò tíì jẹun láti ìgbà náà, ọdún ni tàbí kì í ṣe ọdún.

Èèyàn wo ni mo mọ ọgbà yí ká? Ìyá mi wà ní agbo ilé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ibẹ̀ ni mo máa ń rí nígbàkigbà tí mo bá ń ṣàdúà fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àǹtí Zahrah kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ibi onígun mẹ́rin yẹn kì í ṣe ọgbà. Ilé ìkàwé ni. Alájà márùn-ún ni, ìpìlẹ̀ rẹ̀ á sì wọlẹ̀ ju ìdúró èèyàn méjì lọ.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Níbo ni ìyá mi wà?

Bàríkísù


Basin
6 oṣù Kẹrin, 2025

Bàríkísù,

N kò ní purọ́ fún ọ. Budó Ọ̀dàn ni.

Nígbà tí àìsàn náà wọ̀ ọ́ lára, ó sọ fún mi pé kí á sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun. Wásíyà rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹbí mi ní kò ṣeé gbọ́ sétí, pé ìyàwó ilé kì í kú tán kó tún padà sílé bàbá rẹ̀. Mo gbọ́ tiwọn, n kò gbọ́ tìyá rẹ. Bí Abdulmumini ṣe gbé mọ́tò wá láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn, tó gbé òkú rẹ̀ lọ lójú mi, tí mo kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lórí fóònù, o bi mí bóyá a ti sin ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O kò bèèrè ibi tí a sin ín sí, mo sì dúpẹ́ pé o kò bèèrè. Nígbà tó yá, etí mi wúwo, mo fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ìtìjú ni, ọmọ mi. N kò ní orúkọ míì tí mo lè pè é.

Sàréè mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. O mọ ìlànà wa: a kì í da sìmẹ́ńtì lé e, a kì í kọ orúkọ sí i. Òkúta mẹ́ta ni wọ́n fi sí ti Hàlímọ̀tù ìyá rẹ, koríko sì ti bò ó. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ro ibẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkè, igbó ni yóò rí.

Àwọn awọnlẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ri èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́, wà níbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Bàbá Budó rán èèyàn sí mi, ó ní, "Ẹ sọ fún Mùsílíù pé ọmọ rẹ̀ ti rí ìyá rẹ̀." Wọ́n ní tí a bá ti ṣe Iléyá tán ni katakata tó ń gbẹ́lẹ̀ ń bọ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ń wo ẹ̀yìn mi báyìí, ohun tí mo ń rí níbẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ọyẹ́ lo bèèrè lọ́wọ́ mi. Omi lo bèèrè. O kò bèèrè èèyàn. Ìwọ lo yà á, ìwọ ni kí o pa á rẹ́.

Mùsílíù Àríyọ̀


Basin
4 oṣù Karùn-ún, 2025

Bàríkísù,

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Lami ní ẹ̀rọ fi hàn pé o ti ṣí ìwé mi láti ọjọ́ tí òun ti fi ránṣẹ́. N kò kí ọ. Ẹni tí kò dáhùn kò fẹ́ kí á kí òun.

A ti lọ bá Ayọ̀díjí, èmi àti Bàbá Budó, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí Bàbá Budó kò bá mi wọ kẹ̀kẹ́ kan náà mọ́. Ohun kan náà ló sọ fún àwa méjèèjì: ìwé tí a ti tẹ̀ka sí, a ti tẹ̀ka sí i, ẹni tó yà á nìkan ló lè yí i. Ó ń sọ ọ́, ojú ń tì í.

Ní Ọjọ́rú, mo wọ mọ́tò lọ sí Malete, mo gba ibẹ̀ lọ sí Budó Ọ̀dàn. Mo dúró nídìí igi òrí, mo kọjú sí gábàsì, mo sì ń ka ẹsẹ̀ mi. Ìgbésẹ̀ méjìlélógójì dé ibi orí ìyá rẹ. Ìyá àgbà wà lápá òsì rẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì. Gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá kò ju ogún ìgbésẹ̀ ní gígùn lọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìbú. Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn ìwé yìí bí Bàbá Budó ṣe kà wọ́n. N kò mọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Bóyá o fẹ́ mọ ibi tí àwọn èèyàn rẹ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ti ìyá ńkọ́? Ọwọ́ wo lo fi ya èyí?

Tí katakata bá dé, màá jókòó síbẹ̀. N kò halẹ̀. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ lọ́dọ̀ Lami.

Mùsílíù Àríyọ̀


Leeds
9 oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló tọ́ sí mi. Ẹ̀rù ló bà mí, n kò fẹ́ kọ̀wé títí n ó fi ní ohun rere tí mo lè kọ, mo sì ń dúró, kò wá.

Ọjọ́ tí ìwé yín ti oṣù Kẹrin dé gan-an ni mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó bi mí pé ṣé mo ní fọ́tò sàréè náà? Mo ní rárá. Ṣé orúkọ wà lára òkúta? Rárá. Ṣé ìwé kankan wà tó sọ pé wọ́n wà níbẹ̀? Rárá. Ó ní, báwo ni mo ṣe wá mọ̀? Mo ní bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, Bàbá. Ó ní tí a bá yí i, iṣẹ́ á pẹ́ ní oṣù mẹ́ta, àti pé ẹni tí ìyá rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kọ́ ló yẹ kó dá ẹjọ́ rẹ̀. Mo tún lọ. Ó tún sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, níwájú àwọn ará yunifásítì, mo ní n kò ní fọwọ́ sí àwòrán ìpìlẹ̀ náà. Wọ́n yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì òní.

Ní ọjọ́ Ajé ni ìwé yín kejì dé. Ìgbésẹ̀ méjìlélógójì! Bàbá, mo mọ ìgbésẹ̀ yín. Nígbà tí mo wà ní pámárì, mo máa ń fò kí ẹsẹ̀ mi lè bọ́ sínú ojú ẹsẹ̀ yín lójú ọ̀nà oníyanrìn yẹn, ẹ ó sì máa ní kí n yéé ṣeré bí ewúrẹ́. Mo ti ka ẹsẹ̀ yẹn láti ilé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé lẹ́gbẹ̀rún ọjọ́. Mo mọ bó ṣe gùn tó, mo wọ̀n ọ́n lórí àwòrán sátẹ́láìtì, mo yà á. Mo pín ilé ìkàwé sí méjì, mo sún ọ̀kan sápá ọ̀tún, mo sún ìkejì sápá òsì. Mo fi ilẹ̀ tó wà láàárín sílẹ̀ pẹ̀lú igi òrí rẹ̀, ọ̀nà kankan kò gba ibẹ̀ kọjá.

Lónìí, mo gbé e fún ọ̀gá mi pẹ̀lú ìwé yín. Mo ní, "Ẹ ní ẹ fẹ́ ìwé. Ìwé rèé." Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀ dé òpin, tòun ti èébú inú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi kọ́kọ́rọ́ ilé, ó ní ó tó. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á lò ó. Ohun tó dá mi lójú ni pé n kò ní di ọ̀gá níbí mọ́.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Keje. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, tí katakata bá ṣáájú mi dé, ẹ má jókòó síbẹ̀. Mo ti pàdánù ẹnì kan láìsí nílé.

Ọmọ yín,
Bàríkísù


Basin, Ìlọrin
1 oṣù Kẹfà, 2025

Bàríkísù ọmọ Hàlímọ̀tù,

Wàálékúmù sàlámù. Mo kí ọ lónìí, mo kí ọ dáadáa. Bátìrì ń ṣiṣẹ́.

Lánàá, Ayọ̀díjí tún gbé ìwé tuntun wá, a sì tún jókòó sórí ẹní kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Budó kò rán an lọ sábẹ́ igi. Ó ní kó wá jókòó sáàárín wa, kó fi ìka tọ́ka sí gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayọ̀díjí fi ìka sí i: ilé ìkàwé àkọ́kọ́ rèé, ìkejì rèé.

Bàbá Budó ní, "Èyí tó wà láàárín wọn ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sàréè mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àṣé Abdulmumini ti tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ ti wà ní igun ìwé. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ló ti mọ bí orúkọ rẹ ṣe rí. Ó ní, "Orúkọ ọmọ wa dà?"

Orúkọ òyìnbó kan ló wà níbẹ̀. Ayọ̀díjí ní wọ́n ti mú ọ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Bàbá Budó bá ká ìwé náà, ó dá a padà fún un. Ó ní, "A kò mọ ẹni yìí. A kò ní tẹ̀ka."

Bàríkísù, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ìwọ lo yà á, mo ní ìdí rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi lé ọ. Ó ní bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ó hàn níbẹ̀. Ó fa fìlà bo iwájú orí. Ayọ̀díjí ń nu òógùn. Ni mo bá yọ báírò pupa mi tí mo fi ń ṣàmì iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, mo tẹ́ ìwé náà padà sórí ẹní, mo sì kọ ọ́ sí igun rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó mọ́ kedere: "Bàríkísù ọmọ Hàlímọ̀tù ló ya èyí."

Ayọ̀díjí ké, "Ẹ̀ẹ́, Bàbá! Wọn kì í kọ nǹkan sí i o, England ni ìwé yìí ń padà lọ!"

Bàbá Budó ní, "Kó lọ bẹ́ẹ̀." Ó wá tẹ̀ka.

Èmi àti òun jọ wọ kẹ̀kẹ́ dé Malete. Ó ní tí o bá dé, kí n mú ọ wá sọ́dọ̀ òun kí o tó lọ síbòmíì, pé ìyá rẹ kò bínú. N kò mọ bó ṣe mọ̀.

Wọ́n ti fa èèkàn tó wà níbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ tu. Ihò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ dí i, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé ìwọ ni yóò dí i nígbà tí o bá dé.

Bàbá rẹ,
Mùsílíù Àríyọ̀